Aṣọ Tí A Fi Ń Sẹ́ Omi Lábà Wa

Àwọn tó ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Ìkẹ́rẹ́ ti mọ̀ mí. Bí mo bá mú aṣọ kan, imú ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé e sí kí n tó wò ó. Wọ́n á ní, "Màmá, aṣọ ni o, kì í ṣe ẹja gbígbẹ." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, màá sanwó, màá sì lọ. Bí mo bá délé, màá fọ aṣọ náà, màá tún un fọ̀, màá sá a, síbẹ̀ n kì í fi í wọ ọmọ-ọmọ mi títí ẹ̀rù yóò fi fi mí sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rù náà kì í lọ tán.

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Mẹ́ta ló wà láyé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dàgbà, wọ́n sì máa ń bi mí ní ohun tó pa ẹ̀gbọ́n wọn tí wọn ò rí rí. Ibà ni mo máa ń sọ fún wọn. Kì í ṣe ibà. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nítorí pé n kò lè fi ẹnu sọ ọ́, àti nítorí pé ìyá bàbá wọn ti kú, ọ̀rọ̀ náà kò lè dùn ún mọ́.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo ka ìwé girama parí, mo sì kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán díẹ̀ kí n tó fẹ́ ọkùnrin ará Ìsẹ̀ kan tí bàbá rẹ̀ fi oko kòkó sílẹ̀ fún. Oko náà wà láàárín Ìsẹ̀ àti Èmùré, nínú abà kan tí kò ju ilé mélòó kan lọ. Ọdún díẹ̀ ni lẹ́yìn tí wọ́n gé wa kúrò lára Òǹdó tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa. Wọ́n jó ní Adó, wọ́n jó ní Ìkẹ́rẹ́. Ohun tí àwa ará abà rí nínú ìpínlẹ̀ tuntun ni pé wọ́n fi ọ̀dà pa orúkọ àtijọ́ rẹ́ lára pátákó ilé-ìwé, wọ́n sì kọ Èkìtì sórí rẹ̀, ọ̀dà náà sì ṣàn bọ́ sílẹ̀ bí omijé. Kò sí iná, kò sí omi ẹ̀rọ. Kànga tí ọkọ mi gbìyànjú láti gbẹ́, àpáta ló pàdé nísàlẹ̀. Odò kékeré kan tó ń ṣàn lẹ́yìn oko ni gbogbo abà ń mu.

Ìyá ọkọ mi ń bá wa gbé. Màámi ni mo ń pè é. "Ó" ni màá máa pè é nínú ìwé yìí, bí àwa Èkìtì ṣe ń pe àgbà nínú ilé, kì í ṣe pé mo rí i fín. Opó ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ló ti ń fi bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á yíjú sí ọmọ rẹ̀, á ní, "Gbọ́ ìyàwó rẹ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí uṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀." Ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń fi ẹran tirẹ̀ sí àwo mi nígbà tí mo lóyún, tí á sì sọ pé eyín òun kò gbà á mọ́. Eyín rẹ̀ pé. Mo máa ń rí i tó ń fi í fọ́ ekuro.

Kí n tó dé abà yẹn ni sòbìà ti bá wọn jà. Màámi fúnra rẹ̀ fi gbogbo ìgbà ìkórè kòkó kan jókòó sílẹ̀ nítorí sòbìà tó yọ ní kókósẹ̀ rẹ̀. Àwọn elétò ìlera wá sábà nígbà náà, wọ́n pín aṣọ funfun fún ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n máa fi sẹ́ omi odò kí wọ́n tó mu ún. Wọ́n kọ́ wọn títí ó fi wọ̀ wọ́n lára: sẹ́ omi, fọ asẹ́, sá a sóòrùn, ó ti di tuntun. Wọ́n ṣe é, sòbìà sì lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú tó ìkòkò tí ó sì tún padà ń rìn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé aṣọ kò lágbára. Bí aṣọ asẹ́ kan bá ya, Màámi á jókòó, á fi abẹ́rẹ́ gán an bí ẹni ń gán ẹ̀wù àlejò.

Oògùn kòkó ló wá tẹ̀lé sòbìà. Kòkòrò kan ń fa omi ara èso kòkó, àwọn èèyàn sì ń ra oògùn olómi kan tó máa ń funfun bíi wàrà bí a bá pò ó mọ́ omi. Àwọn tó ń dáko lókè odò ń fi pọ́ńpù ẹ̀yìn fín in, bí wọ́n bá sì ṣe tán, inú odò ni wọ́n ti ń ṣan pọ́ńpù. Lẹ́yìn ọjọ́ fífín, odò wa á máa rùn, ọmọ ẹja á sì léfòó, ikùn wọn á kọjú sókè. Àwọn kan ń kó o lọ sè. Ewúrẹ́ wa kan mu nínú rẹ̀, ó ń yí gbirigbiri bí ẹni mu ẹmu yó, ó sì kú lẹ́yìn ilé ìdáná.

Ọkọ mi lọ bá ọkùnrin tó ni oko lókè odò. Mo bá a lọ, nítorí mo mọ ọkọ mi ní onínúfùfù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣan pọ́ńpù sódò mọ́. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ là ń mu ún."

"Níbo ni kí n ti ṣàn án? Nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó mi?"

"Ẹ da omi náà sínú ihò lóko."

"Ṣé ẹ kì í sẹ́ omi yín ni? Ṣé àwọn ara ìjọba ò pín aṣọ dé ọ̀dọ̀ yín? Àwa ń sẹ́ tiwa. Wò mí, ṣé mo ti kú?"

Kò fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ náà nìyẹn, àmọ́ a ti ń rí i pé omi tí a sẹ́ ṣì ń rùn, orí sì máa ń fọ́ wa lẹ́yìn tí a bá mu ún. Oyún mi ti hàn nígbà náà. Màámi kò jẹ́ kí n mu omi odò mọ́; omi òjò tí a gbà sínú àgbá lábẹ́ páànù ni ó ní kí n máa mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, àgbá gbẹ, a sì tún padà sódò.

Àkókò yẹn ni tíṣà kan dé. Obìnrin ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé girama kan ní Ìsẹ̀, ó sì tún ń kàwé sí i fúnra rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ẹja ń kú lódò wa. Ó bu omi sínú ìgò, ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó padà wá. Ó jókòó sórí àpótí Màámi, ó ní oògùn kòkó wà nínú omi náà lóòótọ́, àti pé aṣọ sòbìà kò lè mú un.

"Aṣọ yẹn, ohun tí ojú lè rí ló ń mú, Màmá. Oògùn yìí ti yòrò sínú omi bí iyọ̀ ṣe ń yòrò sínú ọbẹ̀."

Màámi ní, "Ta ló ń sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀, ọmọ mi? Bí ó bá ti jà, ó ti jà nìyẹn."

"Bí aṣọ bá wà tí iyọ̀ fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ju ọbẹ̀ lọ ńkọ́?"

Màámi ní, "Ṣé o ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo lè ṣe é. Ṣùgbọ́n òwú gidi ni mo ń wá, èyí tí kò ní ọ̀rá nínú. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí, n kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn."

Màámi dìde, ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ó gbé kíjìpá kan lọ́wọ́, funfun, ó nípọn, etí rẹ̀ gún régé. Mo mọ aṣọ náà. Òun ló rànwú rẹ̀, òun ló hun ún nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáká, kí ó tó pa òfì rẹ̀ tì. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ló ti fi hàn mí pé aṣọ tí òun máa fi gba ọmọ mi àkọ́kọ́ ni. Ní ìdílé wọn, aṣọ tí ìyá bàbá hun ni wọ́n fi ń wé àkọ́bí. Ọkọ mi pẹ̀lú, inú irú rẹ̀ ni wọ́n wé e sí.

Mo ní, "Màámi, ẹ má gé eléyìí. Aṣọ ọmọ ni."

Kò wo ojú mi. Ó tú u, ó fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Bí omi bá pa ìyá ọmọ, ta ni mo fẹ́ fi aṣọ wé?" Ó nà án sí tíṣà. "Gbà. Má jẹ́ kó ṣòfò."

Tíṣà gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń gba ọmọ. Ó gbé e lọ. Nígbà tó mú un padà wá, ó ti gé e sí mélòó kan, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà, ó ti pọ́n bí aṣọ tí wọ́n rì sínú omi ewé. Ó ní òun ti sè é, òun sì ti rì í sínú àwọn èròjà kan tó máa jẹ́ kí òwú náà máa fa oògùn mọ́ra. A to wọn lé ara wọn lẹ́nu ìkòkò, a so wọ́n mọ́ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú okùn, a sì rọra ń da omi sí i. Omi náà ń kán díẹ̀díẹ̀. Gbogbo abà ló wá wò ó.

Tíṣà ní kí wọ́n bá òun wá ọmọ ẹja láti odò mìíràn tí wọn kò fín oògùn sí etí rẹ̀. Ó kó àwọn kan sínú abọ́ omi tí a kò sẹ́, ó kó àwọn yòókù sínú èyí tó kán látinú kíjìpá. Àwọn ti abọ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wọ́n dùbúlẹ̀. Àwọn ti èkejì ń wẹ̀ kiri, wọ́n ń fi ẹnu lu etí abọ́.

Ọkọ mi ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń béèrè oúnjẹ! Àwọn yìí ti mọ̀ pé àlejò ni àwọn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màámi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà, ó ń wo ẹja, omi sì wà lójú rẹ̀. "Aṣọ mi ni o," ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dé. "Aṣọ mi ló ṣe é. Ọwọ́ mi ló hun ún."

Kí tíṣà tó lọ, ó kìlọ̀ fún wa. Mo rántí ohun tó sọ, n kò sì fẹ́ parọ́ mọ́ ọn. Ó ní aṣọ náà máa kún lọ́jọ́ kan, bí ikùn ṣe ń kún, kò sì ní lè gba oògùn mọ́. Ó ní òun á máa wá pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní èyí tí a bá yọ, kí a má fọ̀ ọ́ sódò. Kí a kó o sínú àpò ọ̀rá, kí a dì í, kí a fi pamọ́ dè òun. A ní a ti gbọ́. Màámi gan-an ló so àpò ọ̀rá náà mọ́ àjà ilé ìdáná, níbi tí ewúrẹ́ kò lè dé.

Fún ìgbà díẹ̀, ayé wa dára. Orí fífọ́ dáwọ́ dúró. Àwọn ilé yòókù kó aṣọ òwú àtijọ́ tiwọn wá fún tíṣà, ó sì ń bá wọn ṣe é. Bó bá ti dé ni Màámi á ti máa ké láti ọ̀nà jíjìn pé, "Ọkọ ẹja ti dé!" Tíṣà á dáhùn pé òun kò tíì rí owó orí ìyàwó san. Mo bí ọmọ mi ní ilé ìlera ní Ìsẹ̀, obìnrin, ó rẹwà, irun rẹ̀ kún dé iwájú orí. A gbé e padà sábà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Tíṣà wa lọ sílé àwọn òbí rẹ̀, kò sì dé mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Epo mọ́tò wọ́n, ọ̀kadà kì í fẹ́ wọ ọ̀nà abà. Ègé kíjìpá tó ti kún, tí a fi àwọn tí tíṣà fi sílẹ̀ rọ́pò, wà nínú àpò ọ̀rá lókè àjà, kò sẹ́ni tó wá kó wọn. Òjò ti pa rẹ́ pátápátá, ọyẹ́ dé. Òwúrọ̀ abà nígbà ọyẹ́, èémí èèyàn máa ń dà bí èéfín. Ọmọ mi ń gbọ̀n lẹ́yìn ìwẹ̀, aṣọ tí mo rà fún un lọ́jà sì fẹ́lẹ́.

Ní òwúrọ̀ kan, mo wọ yàrá Màámi lọ gba ọmọ, mo rí i tó ti wé e sínú kíjìpá. Aṣọ náà ti padà funfun, àfi àmì díẹ̀ tó ṣẹ́kù létí rẹ̀. Ó ti rán ègé méjì pọ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ojú rírán náà rí wẹ́wẹ́. Ojú ọmọ nìkan ló yọ sí mi, ó sì ń sùn fọnfọn.

"Màámi, ṣé aṣọ inú ọ̀rá yẹn nìyí?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Mo fi omi eérú rẹ ẹ́, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo sè é, mo sá a sóòrùn. N kò dé odò rárá o, ẹ̀yìn ilé ni mo ti fọ̀ ọ́, bí ọmọbìnrin yẹn ṣe wí. Gbé e símú."

Mo gbé e símú. Ọṣẹ dúdú àti oòrùn ni mo gbọ́. Aṣọ náà rọ̀, ó rọ̀ ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ.

"Wò ó," ó ní, "ọmọ ti gba aṣọ rẹ̀. Ṣé mo ha lè jẹ́ kí ó lọ láìwọ aṣọ ulé rẹ̀ nítorí omi?"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó lórí ìjókòó. Inú tèmi náà dùn. Kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ sọ ohunkóhun fún nínú ilé yẹn. Asẹ́ ni, a fọ asẹ́, a sá a sóòrùn, ó ti di tuntun. Ohun tí wọ́n kọ́ Màámi nìyẹn, ẹsẹ̀ tó sì gbà padà lọ́wọ́ sòbìà ni ẹ̀rí rẹ̀. Tíṣà sọ pé kí a má fọ̀ ọ́ sódò, òun kò sì fọ̀ ọ́ sódò.

Láti ọjọ́ náà, inú aṣọ yẹn ni ọmọ mi ń sùn. Inú rẹ̀ ni mo sì ń fi í sí bí mo bá pọ̀n ọ́n. Bí oòrùn bá mú, òógùn èmi àti tirẹ̀ á jọ rin aṣọ náà gbingbin.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kò fẹ́ mu ọyàn mọ́. Á mú un sẹ́nu, á fi sílẹ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ju ti ọmọ tó ń hu eyín lọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Orí tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo bá ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo rò pé àìsùn ni. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, ara ọmọ náà le gbagidi, ojú rẹ̀ yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta.

Màámi pariwo pé, "Gìrì ni! Òtútù ti wọ̀ ọ́ lára!" Ó já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó fi kíjìpá náà wé e, ó tún un wé, ó dì í mọ́ àyà, ó ń mí èémí ara rẹ̀ sí i lórí. "Móoru, ọmọ mi, móoru. Má lọ o. Dákun, móoru."

Ó wé e dáadáa. Bí mo bá rántí bó ṣe wé e dáadáa tó, mo máa ń dìde níbi tí mo bá jókòó sí.

Ọkọ mi sáré wá ọ̀kadà. Ó bá ọ̀kan pàdé ní ojú títì, ó fi ẹ̀bẹ̀ mú un wọlé, ó tún rí èkejì. Èmi àti ọmọ wà lórí ọ̀kan, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ wà lórí èkejì, a dorí kọ Ìkẹ́rẹ́, nítorí pé àwọn tó wà ní ilé ìlera ní Ìsẹ̀ ní kí a má dúró rárá. Mo rántí pé mo ń wo òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ lókèèrè, mo rò pé ó ń mì. Èébì gbé mi. Mo di ọmọ mọ́ra, inú aṣọ yẹn náà ni.

Nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi nílé ìwòsàn kì í ṣe ọmọdé. Ó tú aṣọ náà, ó gbé e símú, ó dúró. Bóyá òógùn ló jí òórùn náà dìde, n kò mọ̀.

"Kí ni ẹ fi fọ aṣọ yìí?"

"Ọṣẹ dúdú," mo ní.

"Ṣé ẹ ń fín kòkó nílé ni?"

Ọkọ mi ní, "Rárá o, mà. Ọyẹ́ la wà yìí, a ò fín nǹkan kan."

Màámi ti sún mọ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, ṣùgbọ́n ó rò pé òun lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ní, "Aṣọ dáadáa ni, ọmọ mi. Èmi ni mo hun ún. Òun ló ń gba oògùn kòkó lára omi fún wa."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó wo aṣọ náà. Ó jù ú sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe dókítà, ó ń fa aṣọ tó kù lára ọmọ, ó ń ní kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n gbé ọṣẹ wá, kí wọ́n fọ ọmọ, kí wọ́n fọ ìyá. Mo rí ojú Màámi. Kò tíì yé e. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó sọ ohun rere tán. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀, kò mọ ibi tó máa lọ.

N kò rí ohun tó tẹ̀lé e, nítorí pé gìrì mú èmi náà. Wọ́n ní mo ṣubú, mo gé ahọ́n ara mi jẹ. Nígbà tí mo padà mọ ibi tí mo wà, ọyàn mi ti kún, ó le bí òkúta, wàrà sì ti rin aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún mi. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo ní kó gbé ọmọ wá, ebi á ti máa pa á. Ó gbé orí lé ẹsẹ̀ mi, kò sì gbé e sókè.

Dókítà kò sọ pé aṣọ náà ni dandan. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí n kò fẹ́ sọ ohun tí n kò mọ̀. Ó ní ó lè jẹ́ òun, ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ méjèèjì. Ó ní oògùn tó ti wọ inú òwú bẹ́ẹ̀, ọṣẹ kò lè kó gbogbo rẹ̀ jáde, àti pé ara ọmọ ìkókó fẹ́lẹ́, ó máa ń tètè gbà. Ó ní èmi lágbára ni mo ṣe yè é. N kò mọ agbára tó ń wí. Mo kàn tóbi ju ọmọ mi lọ ni.

Nígbà tí tíṣà padà dé, ó ti gbọ́ lójú ọ̀nà. Ó wọlé, ó dojú bolẹ̀ síwájú Màámi, ó ń sunkún débi pé kò lè kí i.

"Màmá, mo ní kí ẹ dì í sínú ọ̀rá. Mo ní kí ẹ dè mí."

"O wí bẹ́ẹ̀." Ohùn Màámi kò ròkè. "Mo gbọ́ ọ. O ní kí n má fọ̀ ọ́ sódò. O ò wí fún mi pé kì í ṣe aṣọ mọ́."

Tíṣà ṣì dojú bolẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi ti fẹ́ lé e jáde. Èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Omi tó sẹ́ dára. Àwọn ọmọ mìíràn wà lábà yẹn tí wọ́n ń mu ún, wọ́n ń sáré kiri níta bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Tíṣà kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í kúrò lábà láìgba gbogbo aṣọ tó ti kún lọ́wọ́ gbogbo ilé, á fi àlùmọ́gàjí gé wọn wẹ́wẹ́ níṣojú onílé kí ó tó kó wọn lọ, bí àwọn obìnrin tilẹ̀ ń kígbe pé aṣọ ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó tún ṣe fún wa, a kò lò ó. A kó kúrò lábà, a wá sí Ìkẹ́rẹ́, ọkọ mi sì ń ti ibẹ̀ lọ sóko.

Màámi bá wa wá. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á dáhùn, ìyẹn náà ni. Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó dárúkọ aṣọ fún un, kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Mo tilẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan pé dókítà ní ó lè jẹ́ omi. Ó ní, "Omi kọ́, ìyàwó. Èmi ni mo wé e." Ó sì ń bá ẹ̀wà tó ń ṣà lọ.

Ọlọ́run fún wa ní ọmọkùnrin lẹ́yìn èyí. Nígbà tí mo gbé e dé láti ilé ìwòsàn, Màámi kò jáde wá gbà á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó kí i ní oríkì ìdílé wọn láti ibẹ̀, ohùn rẹ̀ ń já. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ọmọ bá ń sunkún, á pè mí. Bí mo bá wà lẹ́yìnkùlé, á wá dúró, á ní, "Ó ti jí o," á sì padà. Ó ń se oúnjẹ mi, ó ń fọ àwo, ó ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò wẹ̀ ẹ́, kò pọ̀n ọ́n, kò fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé ìjọsìn wa rò pé kò fẹ́ràn ọmọ náà.

Ó dùn mí jù bí mo ṣe lè sọ. Nígbà tí ọmọ náà ti ń jókòó, mo rò ó pé bí mo bá kàn gbé e lé Màámi lẹ́sẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ á tán. Màámi jókòó lórí ẹní, ó nasẹ̀. Mo rọra gbé ọmọ kalẹ̀ sórí itan rẹ̀, mo sì sún sẹ́yìn. Ọmọ náà yíjú, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀. Màámi gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó gbé wọn jìnnà sí i bí ẹni tí wọ́n ń yìnbọn sí. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ bọ́ sórí ọmọ náà, kò sì lè nù ún.

"Gbé e," ó ní. "Ìyàwó, dákun, gbé e. Ó ń gbóòórùn mi."

Mo gbé e.